Omi Tó Kọ̀ Tí Kò Lọ Mọ́

Gbólóhùn kan tí mo gbọ́ ní Nguru, ní ìpínlẹ̀ Yobe, ti ń jà nínú mi láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ń gbé e sùn, mo ń gbé e jí, mo sì ń gbé e wọ mọ́tò láti Kubwa lọ sí ibi iṣẹ́ láàárín ìlú Abuja. Apẹja àgbàlagbà kan ló sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́, láìgbé ohùn sókè: “Koríko yìí kò ti ibì kankan wá. Omi ló kọ̀ tí kò lọ mọ́.”

Koríko tó ń sọ ni èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní kachalla, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Typha. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Hadejia sí Nguru ti rí i. Ó ga ju èèyàn lọ, ó dí pa, ibi tó bá sì ti dúró, ojú kì í rí omi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti dí ojú odò, ó ti gba oko ìrẹsì, ó ti lé apẹja kúrò níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń dẹ àwọ̀n.

Ní Abuja níbí, tí ọ̀rọ̀ bá kan gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sí Adágún Chad, ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń pín àwọn ohun ẹlẹ́mìí ibẹ̀ sí. Apá kan ni ọ̀tá tó wọ̀lú, tí a gbọ́dọ̀ lé jáde: koríko, ẹyẹ ajẹkà, ewé orí omi. Apá kejì ni ọmọ onílẹ̀ tó ń tán lọ, tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò: ẹyẹ, ẹran, ẹja. Owó ọ̀tọ̀ fún ti ibí, owó ọ̀tọ̀ fún ti ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ apẹja yẹn fọ́ ìpín yìí sí wẹ́wẹ́, mo sì rò pé ó yẹ kó fọ́.

Létí omi pẹ̀lú Màmá

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo lọ kí ní Nguru. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ẹja gbígbẹ ni wọ́n sì ń tà láti ìgbà èwe wọn. Nguru ni ojú irin tó gba Kano kọjá ti parí, ìdí nìyẹn tí àwọn Yorùbá fi rí ibẹ̀ dé láyé ọjọ́un, òṣìṣẹ́ rélùwéè, télọ̀, oníṣòwò. Ọ̀pọ̀ ti padà sílé. Màmá kò padà. Wọ́n ní ẹja ló so àwọn mọ́ ibẹ̀, pé ẹja ló sì máa tú àwọn sílẹ̀.

Ẹja yẹn ti ń tú wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, agbọ̀n ẹja tí Màmá ń fi ránṣẹ́ sílé máa ń kún fún àrọ̀ tí wọ́n ká, èyí tó nípọn lọ́rùn, tí ọbẹ̀ kan kì í gba ju ẹyọ kan lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí wọ́n tẹ́ síwájú nínú ọjà kò ju ẹ̀pìà wẹ́wẹ́ àti àrọ̀ kéékèèké. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n wọ bàtà, wọ́n ní, “Dìde, ká lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó sọ fún ọ.”

Ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó létí omi, ó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀. Èmi àti òun kò gbọ́ èdè ara wa dáadáa, nítorí náà Màmá ló ń ṣe ògbufọ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ bá mi bi wọ́n, ta ló mú kachalla wá síbí?”

Wọ́n bi í. Bàbá náà wò mí, ó tún wo Màmá, ó wá sọ gbólóhùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Màmá túmọ̀ rẹ̀ fún mi, wọ́n sì fi kún un fúnra wọn pé, “Ṣé o gbọ́? Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mú un wá.”

Ó wá là á yé wa. Ó ní bàbá bàbá òun ń gé kachalla hun ẹní, ó sì ń fi bo orí ilé. Ó ní ó máa ń wà ní etí ibi tí omi ti jìn, kò pọ̀, kò sì ń yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Lọ́dọọdún, nígbà tí òjò bá dá tán, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Tó bá fi máa di oṣù kẹrin, ilẹ̀ ti gbẹ débi tó fi ń là. Màlúù á wọ ibẹ̀, wọ́n á jẹ koríko tó kù, wọ́n á tẹ gbòǹgbò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iná á gba ibòmíràn kọjá. Nígbà tí àkúnya bá wá dé ní oṣù kẹjọ, á bá ilẹ̀ tó mọ́ níwájú rẹ̀, ẹja á wọ inú koríko tútù lọ yé ẹyin sí.

Ó na ọwọ́ sí àárín igbó kachalla tó wà níwájú wa. Ó ní ní ìgbà èwe òun, ẹsẹ̀ ni àwọn fi máa ń rin ibẹ̀ kọjá nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Nísinsìnyí, kò sí oṣù tí omi kì í sí níbẹ̀. “Ohun tí kì í gbẹ,” ó ní, “kì í kú.”

Bí omi ṣe pàdánù àkókò rẹ̀

Kí àwọn tí kò mọ apá ibẹ̀ lè bá mi lọ: odò Hadejia ń ti ilẹ̀ Kano wá, odò Jama'are ń ti apá Bauchi wá. Àwọn méjèèjì ló dà pọ̀ di odò Yobe, tó ń gba Gashua àti Geidam lọ sí Adágún Chad. Kí wọ́n tó pàdé, ilẹ̀ tẹ́jú gan-an, odò Hadejia sì máa ń tàn ká, ó máa ń di àbàtà àti adágún kéékèèké láàárín Hadejia, Nguru àti Gashua. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àbàtà Hadejia-Nguru. Lọ́dún 2000, Adágún Nguru àti ojú omi Marma di ibi àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn Ramsar, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dáàbò bo àwọn àbàtà tó ṣe pàtàkì jù lọ láyé.

Lọ́dún 1974 ni wọ́n parí ìsédò Tiga, lápá òkè odò náà ní ilẹ̀ Kano. Ìsédò Challawa Gorge tẹ̀ lé e lọ́dún 1992. Ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo sí àwọn tó kọ́ wọn: ọ̀dá ń jà nígbà náà, ilẹ̀ Kano sì nílò omi fún oko àti fún ilé. Ìsédò máa ń ṣe nǹkan méjì. Ó ń kó omi òjò pa mọ́, nítorí náà àkúnya oṣù kẹjọ á rẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń tú u jáde díẹ̀díẹ̀ láti ìparí òjò títí dé òjò mìíràn, kí àgbẹ̀ lè bu omi rin oko. Àwọn tó wà lápá ìsàlẹ̀ odò wá pàdánù lọ́nà méjì. Àkúnya tó ń gbá gbogbo ìdọ̀tí lọ kò lágbára mọ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń pa kachalla kò dé mọ́.

Èyí gan-an ni kachalla ń fẹ́. Omi tí kò jìn, tí kò ṣàn kíákíá, tí kò sì lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ẹrẹ̀, èyí tí wọ́n bá já kúrò lára ìyá rẹ̀ á hù níbi tó bá bọ́ sí. Orí rẹ̀ kan ṣoṣo ń tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èso fúyẹ́fúyẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Kachalla ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yìí láti ayébáyé, ìgbà tí ògiri lanu ló wọlé.

Nígbà tó wọlé, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí omi padà. Odò Hadejia máa ń pín sí ọ̀nà mẹ́ta nínú àbàtà: Marma tó ń lọ sí Adágún Nguru, Burum Gana, àti odò Hadejia àtijọ́ tó ń lọ pàdé Yobe. Koríko àti iyanrìn dí odò àtijọ́ yẹn, omi tó yẹ kó gba ibẹ̀ lọ wá ń ya sí Marma. Adágún Nguru wá ń kún ní gbogbo ìgbà, kachalla ń rọ́wọ́ mú sí i, àwọn ará ìsàlẹ̀ ní Yobe sì ń ké pé omi kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ẹni tó wà níhìn-ín ń rì, ẹni tó wà lọ́hùn-ún ń gbẹ, odò kan náà ni.

Ẹyẹ ajẹkà ńkọ́?

Àwọn àgbẹ̀ Yobe àti Jigawa ní ọ̀tá mìíràn tí wọ́n ń pè ní jan baki, ẹyẹ kékeré ẹlẹ́nu pupa tó ń rìn ní ẹgbàágbèje. Oko jéró tàbí ìrẹsì tó bá bà lé lówùúrọ̀ lè máà ní ohun tí wọ́n máa kórè nírọ̀lẹ́. Igbó kachalla wà lára ibi tó ń sùn mọ́jú. Ìjọba máa ń rán ọkọ̀ òfuurufú láti fọ́n oògùn sí ibi tí wọ́n ń sùn, oògùn náà kì í sì í yan ẹni tó máa pa. Ẹyẹ mìíràn tó bá sùn níbẹ̀ á kú. Àwòdì tó bá gbé òkú ẹyẹ jẹ á kú tẹ̀ lé e.

Jan baki náà kì í ṣe àlejò. Ọmọ Sahel ni, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà létí aṣálẹ̀ Sahara, gẹ́gẹ́ bí kachalla.

Láàárín àwọn ẹyẹ mìíràn tó ń lo àbàtà yẹn ni èyí tó jẹ́ ẹyẹ orílẹ̀-èdè wa, black crowned crane, tí àwọn Hausa ń pè ní gauraka. Adé wúrà ló wà lórí rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ funfun, ó pupa nísàlẹ̀. Nínú gbogbo ìdílé ẹyẹ rẹ̀ káàkiri ayé, òun àti ìkejì rẹ̀ tó wà ní ìlà oòrùn àti gúúsù Áfíríkà nìkan ló lè bà lé orí igi. Mo ti rí àwòrán rẹ̀ níye ìgbà. Màmá ti rí òun fúnra rẹ̀, wọ́n sì sọ fún mi bí àwọn ọkùnrin àti obìnrin ẹyẹ náà ṣe máa ń jó fún ara wọn nínú pápá tútù. Wọn ò rántí ìgbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn. Ó ti ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ orúkọ rẹ̀ nílé ìwé kò ní fojú kàn án nínú igbó láéláé.

Wọ́n ń mú un tà, òótọ́ ni, ó sì yẹ kí òfin mú àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ká tiẹ̀ ní kò sẹ́ni tó mú ẹyọ kan mọ́ láti òní lọ, níbo ló máa yé ẹyin sí? Pápá tí omi rẹ̀ kò jìn, tí koríko rẹ̀ kò ga jù, tí ojú rẹ̀ là gbayawu, ni ẹyẹ yìí ń fẹ́, kó lè máa rí ohun tó ń bọ̀. Inú igbó kachalla kò sí àyè fún ìyẹ́ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láti ṣí. Ohun tó gbé kachalla ga ló gba ilé lọ́wọ́ gauraka. Iṣẹ́ kan ni, kì í ṣe méjì.

Mo rí ohun kan náà nínú ọ̀rọ̀ màlúù Kuri, ní ojú Adágún Chad gan-an. Ibẹ̀ ni ilé màlúù yìí. Ìwo rẹ̀ wú bọ̀ǹbọ̀ nídìí, ó sì ń lúwẹ̀ẹ́ láti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú àwọn Buduma tó ń sìn ín. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, adágún náà fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ọ̀dá ọdún 1973 àti ti 1984 gé e kúrú dé ìwọ̀n tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. (Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé ó ṣì ń gbẹ lọ, kò rí bẹ́ẹ̀, ó ti ń gbìyànjú láti padà láti nǹkan bí ọdún 1990.) Nígbà tí omi fà, erékùṣù di ilẹ̀, màlúù oníké láti òkè wọ ibẹ̀, wọ́n bá Kuri dà pọ̀. Omi ló ti ń ṣe ògiri ọgbà fún un. Nígbà tí ọgbà wó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Kò sí ọdẹ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kò sí ọ̀tá kankan.

Àlejò tòótọ́ wà

N kò sọ pé kò sí àlejò burúkú. Water hyacinth, ewé olódòdó àlùkò tó ń léfòó, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ọdún 1984 ni wọ́n sì rí i ní omi Badagry. Kò pẹ́ tó fi dé Adágún Kainji. Fún irú ìyẹn, kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ nílẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n lọ mú wá, ọgbọ́n tó sì dára ni, nítorí àlejò náà ti fi ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀ sílé. Fún kachalla, kò sí ilé kankan tí a máa lọ bá ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀rùn, àwa la sì lé ẹ̀ẹ̀rùn kúrò nínú odò.

Ọ̀rọ̀ àlejò tún mú mi rántí ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní Abuja níbí ní oṣù kejì ọdún 2018 lórí Adágún Chad. Ìmọ̀ràn tó gbilẹ̀ jù níbẹ̀ ni pé kí a gbẹ́ ojú omi láti agbègbè odò Congo wá sí Chad. Gbogbo ènìyàn ń ṣírò iye omi tó máa dé. Èmi ń ronú nípa ohun tó máa wà nínú omi yẹn. Ẹja, ìgbín, ewé, àrùn ẹja, gbogbo rẹ̀ á bá omi wá, kò sì sí asẹ́ tó máa sẹ́ ẹ kúrò nínú odò. A ò tíì mọ bí a ṣe máa kápá ọmọ onílé tí a fi ọwọ́ ara wa sọ di aláṣejù, a ti fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí a kò mọ ìwà rẹ̀.

Gígé àti gbígbẹ

Àwọn ará abúlé Nguru kì í jókòó lásán. Wọ́n ń para pọ̀ gé kachalla, ọkùnrin á wọ omi dé ìgbáyà pẹ̀lú àdá. Iṣẹ́ líle ni, ejò wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ omi kò dájú. Ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń náwó sí i mọ̀: inú igi koríko yìí ni afẹ́fẹ́ ń gbà lọ bá gbòǹgbò. Tí wọ́n bá gé e lókè omi, ó ń mí síbẹ̀, á tún hù. Tí wọ́n bá gé e lábẹ́ omi, tí omi sì bo ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbòǹgbò á kú sínú ẹrẹ̀. Nítorí náà, kí àkúnya tó dé ni kí wọ́n gé e sílẹ̀ pátápátá, kí omi wá gùn ún.

Àmọ́ tí àkúnya kò bá ga tó? A tún padà sí Tiga àti Challawa. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Gbogbo àdá tó wà ní Jigawa kò lè ṣe ohun tí ìlẹ̀kùn ìsédò kan lè ṣe, tí wọ́n bá ṣí i gbayawu ní oṣù kẹjọ kí omi lè gun orí koríko tí wọ́n ti gé, tí wọ́n sì tì í nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí odò lè gbẹ.

Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ni omi yìí kàn: Kano, Jigawa, Bauchi, Yobe, Borno àti Plateau. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ìsédò, ìpínlẹ̀ ló ni ilẹ̀, abúlé ló ni ìyà. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Wọ́n ti jókòó pọ̀ nígbà kan, wọ́n tiẹ̀ ti fi owó àjọní lélẹ̀ fún odò náà. Ohun tí mo ń wò ni bóyá ìjókòó yẹn máa dé ibi ìlẹ̀kùn ìsédò.

Tòmátì tí à ń jẹ

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa tí a ń ka èyí nìyí. Láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta, tòmátì tó ń dé Abuja, tó ń dé Mile 12 ní Èkó, tó ń dé Bódìjà, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti Kano ló ti ń bọ̀, láti oko Kura, Bunkure àti Garun Malam. Omi Tiga ló ń mu. Omi kan náà tó ń bu sí wa lọ́bẹ̀ ni àṣẹ́kù rẹ̀ ń ṣàn lọ sí Nguru láti lọ bọ́ kachalla. A kò lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn àgbẹ̀ Kura ló fa wàhálà; àwa là ń jẹ ẹ́.

N kò sì fẹ́ kí ebi pa àgbẹ̀ kankan nítorí ẹyẹ. Àmọ́ ẹ wo kàlẹ́ńdà. Tí oṣù kẹrin bá ń parí lọ, tòmátì ti lọ sọ́jà, wíìtì ti dé aká. Òjò ńlá kò tíì dé. Ìgbà yẹn náà ni oòrùn mú jù lọ ní apá ibẹ̀, tí ilẹ̀ lè gbẹ kíákíá jù. Tí wọ́n bá dín omi tó ń lọ sísàlẹ̀ kù gan-an láti ìparí oṣù kẹrin títí òjò fi máa dé, ohun tí oko máa pàdánù kò pọ̀. Omi mímu ìlú Kano náà ń tinú odò yìí wá, àmọ́ apá òkè ni wọ́n ti ń fà á, kó tó dé Hadejia rárá, nítorí náà wọ́n lè ti omi mọ́ ìsàlẹ̀ kí Kano ṣì máa mu.

Ẹ̀rù tó kù ni pé kí ni apẹja máa jẹ nígbà tí odò bá gbẹ. Mo bi bàbá yẹn ní ìbéèrè yìí kí a tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé mo ń bèèrè. Ó ní ìgbà tí omi bá lọ ni fàdámà, ilẹ̀ oko etí odò, máa ń yọ, ọ̀rinrin ṣì wà nínú ilẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni ìyá òun ti ń gbin ẹ̀wà àti ẹlẹ́gẹ̀dẹ́ láìbu omi kankan sí i. Ó ní látìgbà tí omi ti ń dúró, ilẹ̀ yẹn kò yọ mọ́, kò sì sí ọmọ òun kan tó mọ ibi tí ààlà oko ìyá òun wà.